Àṣírí Wa Lórí Ayélujára Kò Sí Lọ́wọ́ Àwa Nìkan

Bí wọ́n bá ń kìlọ̀ fún ènìyàn nípa àṣírí rẹ̀ lórí Facebook, Instagram, TikTok, X, WhatsApp àti àwọn ìkànnì ìbáraẹnisọ̀rọ̀ mìíràn, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé kí ó ṣọ́ ohun tí yóò máa gbé síta. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ṣùgbọ́n tí a bá fara balẹ̀ wo àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ńláńlá tó tú àṣírí ọ̀pọ̀ ènìyàn láàárín ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kọjá, a óò rí i pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ti ọwọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jáde. Ọ̀rẹ́, ẹbí àti ojúlùmọ̀ ló fi púpọ̀ lé àwọn ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ láìmọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì fi ìṣirò wá ìyókù rí fúnra wọn. Ẹni tí kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí ayélujára rí lè ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àwòrán ojú nínú àkójọ ilé-iṣẹ́ tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Nítorí náà, ìṣọ́ra ẹnì kan kò lè dáàbò bo ẹni náà tán. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi bá gbà láyè lórí fóònù tirẹ̀ lè tú ohun tí èmi fi pamọ́ lórí tèmi. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n-orí oníkálukú, kí ó di ojúṣe tí a jọ ń ṣe fún ara wa, kí òfin sì gbé èyí tí agbára wa kò ká.

Owó ló wà nídìí rẹ̀

A kì í sanwó kí a tó lo àwọn ìkànnì wọ̀nyí, síbẹ̀ owó ńlá ni wọ́n ń pa. Ní ọdún 2023, owó tó wọlé fún Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, lé ní bílíọ̀nù 134 dọ́là, ìpolówó ọjà ló sì mú èyí tó ju bílíọ̀nù 131 wá nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ polówó ọjà lórí ìkànnì wọn kì í sanwó kí gbogbo ayé lè rí i. Ó ń sanwó kí ìpolówó rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n ra ọjà náà, bí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, ẹni tó ń wá iṣẹ́, tàbí ẹni tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn. Kí ilé-iṣẹ́ kan tó lè ya irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín bílíọ̀nù ènìyàn, ó ní láti mọ̀ wọ́n ju bí wọ́n ṣe sọ ara wọn fún un lọ.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kíyè sí fídíò tí a wò dé òpin àti èyí tí a fò, bí a ṣe pẹ́ tó lórí àwòrán ẹnì kan, orúkọ ẹni tí a ń wá, àkókò tí a máa ń ṣí áàpù lálẹ́, irú fóònù tí a ń lò àti ìlú tí a wà. Ìtọpinpin náà kò dúró sínú áàpù wọn. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ìtajà, ti ìròyìn àti ti ìlera ló ti fi kóòdù kékeré kan tí Meta ń pè ní Pixel sára ojú ewé wọn, kóòdù náà a sì máa ròyìn fún Meta pé ẹni báyìí wá síbí, ó wo ọjà báyìí, ó fẹ́ rà á, kò sì rà á mọ́. Nínú ètò Facebook, ibì kan wà tí ènìyàn ti lè wo orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ nípa rẹ̀, kí ó sì yà wọ́n kúrò lára àkáǹtì rẹ̀. Mo rọ olúkúlùkù tó ń ka àpilẹ̀kọ yìí pé kí ó lọ ṣí ibẹ̀ wò.

Agbára tí ìṣirò wọn ní ti hàn gbangba láti ọdún 2013, nígbà tí Michal Kosinski, David Stillwell àti Thore Graepel tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ènìyàn tó lé ní 58,000 tí wọ́n yọ̀ǹda àkáǹtì Facebook wọn fún àyẹ̀wò. Kìkì ohun tí àwọn ènìyàn náà tẹ “Like” sí ni wọ́n yẹ̀ wò. Láti inú èyí nìkan, kọ̀ǹpútà lè sọ ẹ̀sìn ẹni, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ àti àwọ̀ ara rẹ̀, kó sì tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ àwọn ohun tí wọ́n tẹ̀ kò sọ ọ̀kankan nínú wọn ní tààràtà. Ènìyàn lè fẹ́ràn irú orin kan àti irú oúnjẹ kan, kí ó má sì mọ̀ pé ìwọ̀nyẹn ti sọ ohun tí òun kò sọ fún àwọn ará ilé òun.

Ohun tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ nípa wa

Ìṣẹ̀lẹ̀ Cambridge Analytica ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n apá tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni a kì í sábà sọ. Ní ọdún 2014, Aleksandr Kogan, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Cambridge, ṣe áàpù ìbéèrè kan lórí Facebook tó ní òun yóò sọ irú ìwà tí ènìyàn ní. Nǹkan bí 270,000 ènìyàn ló gba áàpù náà láyè sínú àkáǹtì wọn. Nígbà náà, Facebook ṣì ń jẹ́ kí áàpù kó ìwífún nípa àwọn ọ̀rẹ́ ẹni tó gbà á láyè, láìbi àwọn ọ̀rẹ́ náà léèrè. Nígbà tí Facebook ṣe ìṣirò lẹ́yìn náà, ó ní ìwífún tó jáde lè jẹ́ ti ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 87. Bí a bá pín in, ẹnì kọ̀ọ̀kan tó dáhùn ìbéèrè náà fa ènìyàn tó lé ní 300 lọ́wọ́ wọlé. Ilé-iṣẹ́ Cambridge Analytica, tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn olóṣèlú, ni ìwífún náà dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà fọ́ síta nínú ìwé ìròyìn ní oṣù kẹta ọdún 2018, wọ́n pe Mark Zuckerberg wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di ọdún 2019, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò ní Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lé Facebook lórí.

Àwọn mílíọ̀nù ènìyàn wọ̀nyẹn kò ṣe àṣìṣe kankan. Wọn kò tẹ ohunkóhun, wọn kò gba ohunkóhun láyè, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbọ́ nípa áàpù náà rí. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé wọ́n ní ọ̀rẹ́ lọ.

Facebook ti dí ọ̀nà yẹn pa. Èyí tó ṣì wà ní ṣíṣí ni ìwé nọ́ńbà inú fóònù. Nígbà tí a bá gbé áàpù tuntun sórí fóònù, ohun tí púpọ̀ nínú wọn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé kí a jẹ́ kí àwọn wo nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀ wa, kí wọ́n lè bá wa wá àwọn ọ̀rẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Bí a bá gbà, gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù wa ló lè lọ, pẹ̀lú orúkọ tí a fi pè wọ́n: dókítà wa, lọ́yà wa, olùkọ́ ọmọ wa, ẹni tí a yá lówó, ẹni tó ti kú. Kò sẹ́ni tó bi ọ̀kan nínú wọn. Tí ilé-iṣẹ́ kan bá sì ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àádọ́ta ènìyàn tó mọ̀ mí, ó lè ti mọ ìdílé mi, ibi iṣẹ́ mi àti ilé ìwòsàn tí mò ń lọ, yálà mo ní àkáǹtì lọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí n kò ní.

Ohun tí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lè dà hàn ní oṣù kẹrin ọdún 2021, nígbà tí ìwífún nípa àwọn aṣàmúlò Facebook tó tó mílíọ̀nù 533 láti orílẹ̀-èdè 106 bọ́ sórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà fóònù àti orúkọ kíkún ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú ìlú àti ọjọ́ ìbí àwọn mìíràn. Àwọn tó kó o kò já ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnikẹ́ni. Irinṣẹ́ tí Facebook ṣe fún wíwá ọ̀rẹ́ láti inú ìwé nọ́ńbà ni wọ́n lò: wọ́n ń rọ́ nọ́ńbà lóríṣiríṣi sínú rẹ̀, irinṣẹ́ náà sì ń fi ẹni tó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n. Facebook ní òun ti tún un ṣe láti ọdún 2019. Àjọ tó ń dáàbò bo ìwífún ní Ireland bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 265 yúrò lé ilé-iṣẹ́ náà lórí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Àmọ́ nọ́ńbà fóònù kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pààrọ̀ lọ́dọọdún, nítorí náà àkójọ náà ṣì wúlò fún àwọn gbájúẹ̀ títí di òní, wọ́n sì lè fi pe ènìyàn ní orúkọ rẹ̀ gan-an bí ẹni pé ilé ìfowópamọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè.

Nọ́ńbà fóònù yìí ni a tún fi ń ṣọ́ àkáǹtì wa, nípa kóòdù ìwọlé tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí i kí a tó wọlé. Ní ọdún 2022, Twitter, tí a ń pè ní X báyìí, san mílíọ̀nù 150 dọ́là ní Amẹ́ríkà nítorí pé, láàárín ọdún 2013 sí 2019, ó gba nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ímeèlì lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 140 pé ààbò àkáǹtì wọn ni òun fẹ́ fi ṣe, ó sì ń fi wọ́n darí ìpolówó ọjà sí wọn. Nọ́ńbà kò tilẹ̀ ṣọ́ni tó bí a ṣe rò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, àwọn ọ̀daràn kan gba nọ́ńbà Jack Dorsey fúnra rẹ̀, ẹni tó ń darí Twitter nígbà náà, nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù, wọ́n sì fi kọ ọ̀rọ̀ èébú sí ojú òpó rẹ̀. Áàpù tó ń pèsè kóòdù ìwọlé lórí fóònù fúnra rẹ̀ sàn ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ fún iṣẹ́ yìí.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ìfẹ́ gan-an fi ń tú àṣírí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, nígbà tí Sarah Palin ń díje fún ipò igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ inú ímeèlì Yahoo rẹ̀. Kò ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tó jinlẹ̀. Ó kàn sọ pé òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, wọ́n bi í ní ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà àdúgbò, àti ibi tí Palin ti pàdé ọkọ rẹ̀, ó sì rí gbogbo ìdáhùn náà lórí ayélujára. Nígbà náà, olókìkí nìkan ni irú ìtàn ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ wà fún. Lónìí, àwọn ènìyàn wa ló ń kọ ọ́ fún wa. Ọmọ a gbé àwòrán ìyá rẹ̀ síta ní ọjọ́ ìbí, a pe ìyá ní orúkọ kíkún pẹ̀lú orúkọ ìdílé tó ti wá, a sọ iye ọdún tó pé, a sì dárúkọ ìlú tí wọ́n ti bí i. Gbogbo ẹbí a bá a yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú oyè tó fi ń pe ìyá náà, tí ẹni tó ń wò láti òkèèrè yóò fi mọ ta ni àbúrò, ta ni àna, ta ló wà lókè òkun. Ìfẹ́ ló bí i, n kò sì ní kí a má kí àwọn òbí wa. A lè kí wọn láìkọ ọdún ìbí wọn àti orúkọ ìdílé ìyá síbẹ̀.

Àwòrán àti ojú ènìyàn

Ọ̀pọ̀ fóònù ló máa ń kọ ibi tí a ti ya àwòrán sínú fáìlì rẹ̀, dé ojú ibi tí a dúró sí gan-an. Facebook àti Instagram a máa yọ àkọsílẹ̀ yìí kúrò kí àwọn tó ń wo àwòrán náà má lè rí i, bẹ́ẹ̀ ni ti WhatsApp bí a bá fi í ránṣẹ́ bí àwòrán lásán. Bí a bá fi í ránṣẹ́ bí fáìlì ìwé, àkọsílẹ̀ náà wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí fóònù máa kọ ibi tó wà lè pa á nínú ètò kámẹ́rà. Ohun tí kò ṣeé yọ ni èyí tó wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀: nọ́ńbà ọkọ̀, àmì ilé-ìwé lára aṣọ ọmọ, ìwé ìrìnnà tí a gbé sókè ní pápákọ̀ òfurufú, orúkọ òpópónà lẹ́yìn ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn ohun kéékèèké wọ̀nyí a máa lágbára nígbà tí wọ́n bá kóra jọ. Strava, áàpù tí àwọn tó ń sáré fún ìdárayá ń lò, gbé àwòrán ilẹ̀ ayé kan jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2017 tó fi gbogbo ọ̀nà tí àwọn aṣàmúlò rẹ̀ ti sáré hàn, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, wọ́n ṣàkíyèsí pé ní àwọn ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí aṣàmúlò mìíràn, ìlà tó ń tàn yòò ni ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun ń sáré gbà yí àgọ́ wọn ká. Kò sí ọmọ ogun kan tó mọ̀ pé eré ìdárayá òun ń ya àwòrán àgọ́ fún gbogbo ayé.

Ojú ènìyàn ló wá le jù, nítorí pé a lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, ṣùgbọ́n ojú kò ní pààrọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni ìròyìn jáde pé ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Clearview AI ti kó àwòrán tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta láti orí Facebook, YouTube àti àwọn ìkànnì mìíràn, ó sì ń jẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá gbé àwòrán ojú ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tí í ṣe. Ítálì àti Faransé bu mílíọ̀nù 20 yúrò lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2022, orílẹ̀-èdè Netherlands sì bu mílíọ̀nù 30.5 lé e ní ọdún 2024. Ó yẹ kí a sọ pé Facebook, ní tirẹ̀, pa ètò tó fi ń dá ojú mọ̀ nínú àwòrán ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó sì ní òun yóò pa àkọsílẹ̀ ojú àwọn ènìyàn tó lé ní bílíọ̀nù kan rẹ́. Ìgbésẹ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n àwòrán àwọn ènìyàn náà ṣì wà níbi tí àwọn mìíràn ti lè kó o.

Àwọn ọmọdé ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí a bí lónìí lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán lórí ayélujára kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀: ìgbà tó ń wẹ̀, ìgbà tí ara rẹ̀ kò yá, ìgbà tí wọ́n bá a wí, ilé-ìwé tó ń lọ. Kò sẹ́ni tó bi í. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Faransé ṣe òfin tó sọ ìdáàbòbò àwòrán ọmọ di ara ojúṣe òbí, tó sì fún adájọ́ láṣẹ láti dá òbí kan lẹ́kun títẹ àwòrán ọmọ síta bí òbí kejì kò bá gbà. Ní Netherlands, ní ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ kan ti pàṣẹ fún ìyá àgbà kan pé kí ó yọ àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kúrò lórí Facebook àti Pinterest, nítorí pé ìyá àwọn ọmọ náà ní òun kò fẹ́ ẹ. Àwọn kan rò pé ìdájọ́ náà le jù fún ìyá àgbà tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ. Lójú tèmi, ó tọ̀nà: ìfẹ́ tí a ní sí ẹnì kan kò fún wa ní ẹ̀tọ́ láti pín in fún gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìkọ̀kọ̀

Láti oṣù kẹrin ọdún 2016, WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láti orí fóònù ẹni tó fi í ránṣẹ́ dé orí fóònù ẹni tó gbà á, tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lè kà á lójú ọ̀nà. Ààbò tòótọ́ ni, ó sì yẹ kí a mọ ibi tó pin sí. Kò bo ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, ìgbà tí a sọ ọ́ àti ẹgbẹ́ tí a wà. Kò bo ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí fóònù ń fi pamọ́ sórí Google tàbí iCloud, àfi tí ẹni náà bá lọ tan ààbò tirẹ̀ nínú ètò, èyí tó ti wà láti ọdún 2021. Bí ẹnì kan bá fẹ̀sùn kàn wá lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ márùn-ún tó kẹ́yìn tí a fi ránṣẹ́ sí i lè dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò lè dí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ láti ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ kó sì fi ránṣẹ́ síwájú. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tó sì wá léwu jù ni ẹgbẹ́ WhatsApp tó ní igba ènìyàn, níbi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti rí nọ́ńbà ara wọn, tí ẹnì kan sì lè fa ẹlòmíràn wọlé láìbi í, bí ẹni náà kò bá tíì ti ètò rẹ̀.

Ohun tí òfin lè ṣe

Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 1948, sọ ní abala kejìlá pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé tojú bọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, ìdílé, ilé tàbí lẹ́tà ẹlòmíràn. Òfin tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le fún àwọn ilé-iṣẹ́ ayélujára ni èyí tí wọ́n ń pè ní GDPR, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ní nípa rẹ̀, láti ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pa á rẹ́, àti láti kọ̀ kí wọ́n má fi polówó ọjà fún un. Owó ìtanràn rẹ̀ lè dé ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún kárí ayé. Nàìjíríà náà ṣe òfin ìdáàbòbò ìwífún tirẹ̀ ní ọdún 2023, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí ènìyàn lè kọ ẹ̀sùn sí. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀ bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta lórí, ara ẹ̀sùn rẹ̀ sì ni pé WhatsApp kò fún àwọn ará Nàìjíríà ní irú àyè tó fún àwọn ará Yúróòpù láti yàn ohun tí yóò ṣe pẹ̀lú ìwífún wọn. Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ìdájọ́ náà ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Àwọn òfin wọ̀nyí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n wọ́n lọ́ra, owó ìtanràn sì máa ń dé lẹ́yìn tí ìwífún ti jáde tán. Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun kò sì dúró dè wọ́n. Ní ọdún 2025, Meta bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí àwọn àgbàlagbà ní Yúróòpù gbé síta fún gbogbo ayé kọ́ ẹ̀rọ aláfọwọ́ṣe onílàákàyè (AI) rẹ̀, ó sì fún wọn ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n lè fi sọ pé àwọn kò gbà. Ṣùgbọ́n ó sọ fúnra rẹ̀ pé ẹni tó kọ̀ ṣì lè wà nínú rẹ̀, bí ẹlòmíràn tí kò kọ̀ bá gbé àwòrán rẹ̀ síta. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ọjọ́ orí. Ọsirélíà ti kọ̀ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní àkáǹtì lórí àwọn ìkànnì ńlá láti ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2025, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ti ń béèrè ẹ̀rí ọjọ́ orí fún àwọn ohun kan láti oṣù keje ọdún yẹn. Èrò náà dára fún àwọn ọmọ, àmọ́ ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa fi àwòrán ìwé ìdánimọ̀ wọn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Discord, ìkànnì ìbáraẹnisọ̀rọ̀ kan, kéde pé àwòrán ìwé ìdánimọ̀ nǹkan bí 70,000 ènìyàn, tí wọ́n fi ránṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, lè ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Òfin tó bá fẹ́ dáàbò bo ọmọdé gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí wọn yóò pa irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Ohun tó wà níkàáwọ́ wa

Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbà pé ó tọ́ kí a ṣe ni pé kí a gba ìwé nọ́ńbà wa padà. Nínú ètò fóònù, a lè rí áàpù tí a ti fún láyè láti wo nọ́ńbà, ibi tí a wà, àwòrán àti gbohùngbohùn, kí a sì gba àyè náà lọ́wọ́ èyí tí kò nílò rẹ̀. Facebook àti Instagram ń ṣiṣẹ́ dáadáa láìní nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀ wa lọ́wọ́, wọ́n sì ní ibi tí a ti lè pa èyí tí wọ́n ti kó rẹ́. Lẹ́yìn náà, kí a yọ àwọn áàpù àtijọ́ tí a fi àkáǹtì Facebook tàbí Google wọ̀ kúrò, kí a sì ṣètò ẹni tó lè fi nọ́ńbà tàbí ímeèlì wá wa rí, ẹni tó lè fà wá wọ ẹgbẹ́, àti ẹni tó lè so orúkọ wa mọ́ àwòrán. Ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan kò ṣeé fojú fò, nítorí pé èyí tó bá jáde níbì kan ni àwọn ọ̀daràn máa ń gbìyànjú níbi gbogbo. Lórí Have I Been Pwned, ìkànnì tí Troy Hunt dá sílẹ̀ ní ọdún 2013, ènìyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ímeèlì rẹ̀ wà nínú àwọn àkójọ tó ti jáde.

Èyí tó kù kò sí nínú ètò áàpù kankan. Kí a bi ènìyàn kí a tó gbé àwòrán rẹ̀ síta, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́, aláìsàn tí a lọ kí, tàbí ọmọ tó ti tó sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí a yọ àwòrán òun kúrò, kí a yọ ọ́ láìbéèrè ìdí, kí a má sì kà á sí ìbínú. Kí alága ẹgbẹ́ WhatsApp má ṣe kó nọ́ńbà àwọn ènìyàn jọ láìgba àṣẹ wọn. Kí olùkọ́ àti olórí ẹ̀sìn tó ń gbé àwòrán àwọn ọmọdé sí ojú òpó ilé-ìwé tàbí ti ìjọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí, kí wọ́n sì fún òbí tó bá kọ̀ ní ọ̀wọ̀ kan náà.

Bí àṣírí bá sì ti tú, pàápàá bó bá jẹ́ àwòrán ìhòòhò tàbí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ayédèrú rẹ̀, kí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀rí: kí ó ya àwòrán ojú fóònù, kí ó kọ àdírẹ́sì ojú ewé náà àti ọjọ́ tó rí i sílẹ̀, kí ó tó fi ẹ̀sùn kan ẹni náà lórí ìkànnì, nítorí pé ẹni tó gbé e síta lè yára pa á rẹ́. Òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 sọ ọ́ di dandan fún àwọn ìkànnì láti yọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 48 tí ẹni tó ni ojú bá ti béèrè. Níbi tí òfin bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ẹ̀sùn lórí ìkànnì náà, ìwé sí àjọ ìdáàbòbò ìwífún, àti ẹjọ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá bí wọ́n bá ń fi halẹ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Kí ó má ṣe san owó náà, nítorí pé ẹni tó ń halẹ̀ kì í sábà dúró lórí ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn tó wà ní àyíká rẹ̀ náà ní iṣẹ́ láti ṣe: bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá dé orí fóònù wọn, kí wọ́n má ṣe fi í ránṣẹ́ síwájú, kódà láti fi kìlọ̀ fún ẹlòmíràn, kí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án níbi tí wọ́n ti rí i, kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tó kàn pé ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn.